Okun Inú Ni A Fi Ń Gbé Tìta: Ìṣirò Okun tí Rẹfirí Ń Lò Lórí Pápá Láìlo Ẹ̀rọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí olùkọ́ tí ó ń ṣe rẹfirí ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè ṣírò iye okun tí ara rẹ̀ lò lórí pápá láìlo ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Ohun èlò tí a lò kò ju òṣùwọ̀n ara, aago, ìwé àti gègé lọ. A ṣàlàyé ìṣirò láti inú àtẹ, ìṣirò láti ojú ẹni tí ó ń wòran, àti àyẹ̀wò láti inú lílù ọkàn àti èémí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a fi rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èrò wa ni pé ìdáhùn tí ó tọ́ sí irú ìbéèrè yìí kì í ṣe iye kan ṣoṣo. Ààlà méjì ni, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ààlà méjèèjì sì tó láti dáàbò bo olùkọ́ lọ́wọ́ ebi, lọ́wọ́ òǹgbẹ, àti lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tí a kò túmọ̀ dáadáa.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní okun inú ni a fi ń gbé tìta. Òwe yìí ni a máa ń pa fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ agbára láìtíì fi nǹkan kan ẹnu. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olùkọ́ tí kò mọ òwe náà, a máa ń gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, pàápàá nígbà tí fèrè bá wà lẹ́nu wa. Gbogbo ènìyàn ni ó ń bójú tó àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ń fún wọn lómi, wọ́n ń bó ọsàn fún wọn, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹni tí ó bá rẹ̀ nínú wọn. Rẹfirí kò ní àrọ́pò, kò sì sí ẹni tí ó ń bó ọsàn fún un.

Ní ọdún tí òǹkọ̀wé yìí wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n fi fèrè lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìdíje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá láàárín kíláàsì. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà náà, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 70. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni ó darí lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 60, abala kan jẹ́ 30. Tíì àti búrẹ́dì bíbẹ́ méjì ni ó jẹ láàárọ̀. Nígbà tí yóò fi di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀lé bọ́ọ̀lù mọ́, ó sì fún ẹgbẹ́ kan ní pẹ́náritì tí kò tọ́ sí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gun òṣùwọ̀n, ó rí i pé kílógíráàmù 2 ti dín kù lára òun. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà pé ọ̀rá ni ó yọ́, ó sì pinnu láti máa fo oúnjẹ àárọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìdíje. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, òòyì kọ́ ọ láàárín pápá, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ni ó sì gbé e lọ sí abẹ́ igi.

Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi sílẹ̀. Èkíní ni pé, okun mélòó gan-an ni ara rẹ̀ lò ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Èkejì ni pé, níbo ni kílógíráàmù 2 náà lọ? Bí ó bá jẹ́ pé ó mọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì, kì bá tí dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ iṣẹ́ yìí fún àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò fun fèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí òmíràn láìpẹ́ láìjìnnà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò ra ẹ̀rọ kí ó máa bá wa ṣírò? Àkọ́kọ́, owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré lójú olùkọ́. Èkejì, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í sọ òótọ́ pátápátá nípa okun. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí ènìyàn 60 ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Mẹ́fà nínú wọn ka lílù ọkàn dáadáa, àṣìṣe wọn kò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan okun, èyí tí ó ṣe dáadáa jù lọ fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tí ó burú jù lọ sì fi ìdá 93 ṣìnà. A kò sọ èyí láti fi tàbùkù ẹ̀rọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ rò pé òtítọ́ wà níbì kan tí ọwọ́ òun kò tó.

2.0 Okun, Agbára àti Kálórì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ méjì yà sọ́tọ̀. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń sọ pé ẹnìkan lágbára, a sì máa ń sọ pé kò sí okun nínú rẹ̀ mọ́. Agbára ni ohun tí ènìyàn lè ṣe. Okun ni ohun tí ó wà nínú ara tí ó fi ń ṣe é. Alágbára lè wà láìsí okun bí ebi bá ń pa á. Nítorí náà, okun ni a ó máa lò nínú iṣẹ́ yìí fún ohun tí oúnjẹ ń fún ara, tí ara sì ń ná.

Kálórì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn okun. Kálórì kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó fún oúnjẹ, ni ìwọ̀n ooru tí yóò mú kí omi tí ó wúwo tó kílógíráàmù kan fi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i. Wilbur Atwater, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun bí gàárì tàbí ṣúgà ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù kan oúnjẹ amáradàgbà bí ẹ̀wà tàbí ẹran ń fún un ní 4 bákan náà, gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo sì ń fún un ní 9. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tí ó tó gíráàmù 14 yóò fún ara ní kálórì tí ó lé ní 120.

Kódà nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ ń ná okun. Ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ni pé, nínú ìsinmi, kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan lára ènìyàn ń ná nǹkan bíi kálórì kan ní wákàtí kan. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 70 yóò ná nǹkan bíi kálórì 70 ní wákàtí kan láìṣe nǹkan kan. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìṣirò tí ó kù dúró lé.

3.0 Ọ̀nà Kìn-ín-ní: Ìṣirò Láti Inú Àtẹ

Bí jíjókòó jẹ́ẹ́ bá jẹ́ 1, iṣẹ́ mìíràn yóò jẹ́ ìlọ́po rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní MET. A ó máa pè é ní ìlọ́po ìsinmi. Ní ọdún 1993, Barbara Ainsworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àtẹ kan jáde tí ó to oríṣiríṣi iṣẹ́ ara pẹ̀lú ìlọ́po ìsinmi wọn. Wọ́n ti tún un ṣe ní ọdún 2000, 2011 àti 2024. Nínú àtẹ ti 2011, dídúró jẹ́ẹ́ jẹ́ 1.3, rírìn lórí ilẹ̀ tẹ́jú ní ìwọ̀n nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan jẹ́ 3.5, sísáré ní ìwọ̀n kìlómítà 8 ní wákàtí kan jẹ́ 8.3, bí sísáré náà bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10 ní wákàtí kan, ó di 9.8. Wọ́n fún ẹni tí ó ń darí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní 7.

Ìlànà ìṣirò náà kò le:

Okun (kálórì) = ìlọ́po ìsinmi × ìwọ̀n ara (kílógíráàmù) × àkókò (wákàtí).

A lè yá 7 ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lò fún rẹfirí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí kò dúró sójú kan. Fún olùkọ́ wa tí ó wọn kílógíráàmù 70, tí ó darí eré fún wákàtí kan:

7 × 70 × 1 = kálórì 490.

Fún olùkọ́bìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 55, ìdáhùn yóò jẹ́ 7 × 55 × 1 = 385. Ìwọ̀n ara ẹni ni kí oníkálukú lò, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ìkùdíẹ̀-káàtó ọ̀nà yìí ni pé kò mọ irú rẹfirí tí ẹni náà jẹ́. Rẹfirí kan wà tí ó máa ń wà níbi tí bọ́ọ̀lù bá wà. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé àárín pápá ni ó máa ń dúró sí, tí yóò máa na ọwọ́. Àtẹ yóò fún àwọn méjèèjì ní 490. Nítorí náà, a nílò ojú ẹnìkan.

4.0 Ọ̀nà Kejì: Akọ̀wé Ẹ̀gbẹ́ Pápá

Ní ọ̀nà yìí, a ó fi akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú aago, ìwé àti gègé. Rẹfirí ni yóò máa wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Èyí ṣòro ju bí ó ti dún lọ, nítorí ojú a máa tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò kọ lẹ́tà kan: D bí rẹfirí bá dúró, R bí ó bá ń rìn, S bí ó bá ń sáré. Ìṣẹ́jú kan yóò mú lẹ́tà mẹ́fà wá. Kò pọn dandan kí ó kọ gbogbo eré náà. Bí ó bá kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní abala kìn-ín-ní àti mẹ́wàá ní abala kejì, lẹ́tà 120 ni yóò ní lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akọ̀wé wa rí D 12, R 60 àti S 48. Bí a bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 120, a ó rí i pé rẹfirí fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ dúró, ó fi ìdá 50 rìn, ó sì fi ìdá 40 sáré. A ó wá sọ ìdá kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìlọ́po ìsinmi tirẹ̀:

Dídúró: 0.10 × 1.3 = 0.13
Rírìn: 0.50 × 3.5 = 1.75
Sísáré: 0.40 × 8.3 = 3.32
Àròpọ̀: 5.20

Okun: 5.2 × 70 × 1 = kálórì 364.

A lè fi ọ̀nà mìíràn yẹ ìdáhùn yìí wò. Láti ọdún 1963 tí Rodolfo Margaria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ti ṣe ìwádìí lórí sísáré ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá sáré kìlómítà kan lórí ilẹ̀ tẹ́jú ń ná nǹkan bíi kálórì kan fún kílógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ìdá 40 nínú wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú 24. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú 24 sáré ní ìwọ̀n kìlómítà 8 ní wákàtí kan ti sá kìlómítà 3.2. Èyí jẹ́ 3.2 × 70 = kálórì 224. Nínú ìṣirò tiwa, sísáré nìkan jẹ́ 3.32 × 70 = 232. Ìdáhùn méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó.

Síbẹ̀, 364 kò lè jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Rẹfirí kì í sáré lójú kan náà bí ẹni tí ń sáré ojú ọ̀nà. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró lójijì, ó ń yí padà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ná okun ju sísáré tààrà lọ, lẹ́tà D, R àti S kò sì rí wọn. Nítorí náà, a ó mú 364 gẹ́gẹ́ bí ààlà ìsàlẹ̀, a ó sì mú 490 tí a rí nínú àtẹ gẹ́gẹ́ bí ààlà òkè. Ohun tí olùkọ́ yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé: "Mo ná okun tí ó wà láàárín kálórì 364 sí 490." Ẹni tí ó bá kọ "427" nìkan nítorí pé ó wà láàárín méjèèjì ti fi ohun tí kò mọ̀ ṣe ohun tí ó mọ̀.

Ó yẹ kí a kìlọ̀ níhìn-ín pé a kò gbọdọ̀ yá iye àwọn rẹfirí ńláńlá lò fún ara wa. Àwọn ìwádìí tí Carlo Castagna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kójọ ní ọdún 2007 fi hàn pé rẹfirí ní ìdíje gíga sábà máa ń rin, tí ó sì ń sáré, nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 ní ìṣẹ́jú 90. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn rẹfirí ní Brazil, tí ó jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé okun tí wọ́n ná nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan lé ní kálórì 700. Ìṣẹ́jú 90 àti pápá tí ó kún ìwọ̀n ni ti wọn. Ìṣẹ́jú 60 ni tiwa, pápá ilé-ẹ̀kọ́ sì lè kéré. Bákan náà ni àwọn tí ń mú àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà: ìdajì pápá ni oníkálukú wọn ń ṣọ́, ìrìn wọn sì kéré sí ti ẹni tí ó ni fèrè. Akọ̀wé tiwọn ni kí wọ́n ní.

5.0 Àyẹ̀wò: Lílù Ọkàn àti Èémí

Nígbà tí a bá ti ní ààlà méjèèjì, ìbéèrè tí ó kù ni pé, ibo ni a súnmọ́ jù nínú wọn? Ara rẹfirí fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. Hirofumi Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 2001 láti mọ iye tí ọkàn lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan: 208, kí a yọ ìdá 0.7 ọjọ́ orí kúrò nínú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 25, ó jẹ́ 208 − 17.5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi 190. Bí lílù ọkàn bá wà láàárín ìdá 64 sí 76 nínú ọgọ́rùn-ún iye yìí, iṣẹ́ náà wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìlọ́po ìsinmi rẹ̀ kì í sì í tó 6. Bí ó bá ti tó ìdá 77, iṣẹ́ líle ni, ìlọ́po ìsinmi rẹ̀ a máa tó 6 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Ìdá 77 nínú 190 jẹ́ nǹkan bíi 147. Bí a bá pín 147 sí mẹ́rin, a ó rí 37. Èyí ni pé bí ọmọ ọdún 25 bá ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí ó sì tó 37, kí ó súnmọ́ ààlà òkè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó súnmọ́ ààlà ìsàlẹ̀.

Gbàrà tí eré bá dúró ni kí a kà á, nítorí lílù ọkàn máa ń yára wálẹ̀. Ìka méjì ni kí a gbé lé iṣan ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ní ibí yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá gan-an. Bí a bá ń kà á títí dé "ẹ̀tàdínlógójì", kí a tó pe ọ̀rọ̀ náà tán, ọkàn ti lù kọjá. Ọ̀nà tí ó dára ni kí a lo ìkà kúkúrú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá. Sílébù méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Bí ó bá ti di ẹ̀wá, kí a ká ìka kan kò, kí a sì padà sí ení. Ìka mẹ́ta tí a ká àti èje jẹ́ 37. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní ṣi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "àrún" tí a fi ń kà àti "márùn-ún" tí a fi ń yan ọ̀rọ̀ orúkọ mú.

Bí kò bá sí ààyè láti ka lílù ọkàn, kí rẹfirí fetí sí èémí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò lè kọrin. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ le kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó mí. Bí ó bá lè ki ìlà méjì nínú oríkì orílẹ̀ rẹ̀ láìdá mí, kò tíì dé ààlà òkè.

Àmọ́ ṣá o, kí a má gbàgbé pé oòrùn àti ìbẹ̀rù máa ń mú ọkàn lù kíkankíkan láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀. Rẹfirí tí àwọn òǹwòran ń pariwo lé lórí ní agogo méjì ọ̀sán lè rí 40 nígbà tí ó ń rìn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí lílù ọkàn jẹ́ àyẹ̀wò nìkan. Ààlà méjì tí a ti rí láti inú àtẹ àti láti ojú akọ̀wé ni kí ó bá wa yàn láàárín wọn, kí ó má ṣe rọ́pò wọn.

6.0 Ìdáhùn sí Ìbéèrè Méjèèjì

A lè padà sí ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ààlà tí a ti rí díwọ̀n rẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta yóò jẹ́ 3 × 364 = 1,092 ní ìsàlẹ̀, àti 3 × 490 = 1,470 ní òkè. Nínú èyí, 3 × 70 = 210 ni ara rẹ̀ ìbá ti ná bí ó tilẹ̀ jókòó sílé. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, okun tí fèrè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà láàárín 882 sí 1,260. Tíì àti búrẹ́dì bíbẹ́ méjì tí ó jẹ kò lè tó kálórì 300. Ìdáhùn sí ìbéèrè kìn-ín-ní nìyí: okun tí ó wọlé láàárọ̀ kò tó ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè kejì ni ti kílógíráàmù 2. Kílógíráàmù kan ọ̀rá ara ní nǹkan bíi kálórì 7,700 nínú. Kí kílógíráàmù 2 ọ̀rá tó lè yọ́, ó ní láti ná kálórì 15,400, èyí tí ó ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30 lọ kódà bí a bá lo ààlà òkè. Bí gbogbo 1,260 rẹ̀ bá tilẹ̀ wá láti inú ọ̀rá, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún kílógíráàmù. Kí ni ìyókù? Omi ni. Òógùn ni. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá sì ti kìlọ̀ pé bí omi tí ènìyàn pàdánù bá ti ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́, pàápàá nínú ooru. Ìdá 2 nínú 70 jẹ́ kílógíráàmù 1.4. Olùkọ́ wa ti kọjá ibẹ̀. Ohun tí ó ń yọ̀ sí lórí òṣùwọ̀n ni ohun tí ó fà á tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wúwo, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun náà ni ó fun fèrè pẹ́náritì yẹn.

Láti inú ìṣirò yìí ni àbá wa ti jáde. Kí rẹfirí jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré, kí ó sì jẹ́ oúnjẹ afáralókun tí kò wúwo jù: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí àsáró díẹ̀. Kí ó gun òṣùwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn eré nínú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Kílógíráàmù kan tí ó dín kù dúró fún nǹkan bíi lítà omi kan tí ó yẹ kí ó dá padà díẹ̀díẹ̀. Ní ti oúnjẹ, gíráàmù 100 gàárì gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 350. Okun ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta kò ju gíráàmù 250 sí 360 gàárì lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé nítorí pé òun ṣe rẹfirí, kí wọ́n gbé odidi ìkòkò wá, ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn. Bákan náà ni kò gbe ẹni tí ó fo oúnjẹ. Bí òòyì bá kọ́ rẹfirí, kí ó fun fèrè dá eré dúró, kí ó sì kúrò nínú oòrùn.

7.0 Lílo Ẹ̀kọ́ Yìí Nínú Kíláàsì

Ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi dé kíláàsì kẹfà. Iṣẹ́ náà fi hàn pé èdè wa lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a ṣe àlàyé rẹ̀ yìí lè jẹ́ ẹ̀rí mìíràn, nítorí kò sí ibi tí a ti ní láti sá sínú èdè mìíràn kí ìṣirò tó lè jáde.

Ìgbésẹ̀ tí olùkọ́ lè tẹ̀lé nìyí. Ní ọjọ́ kìíní, kí ó kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ okun àti agbára, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ka lílù ọkàn ara wọn ní ìjókòó àti lẹ́yìn tí wọ́n bá fò sókè fún ìṣẹ́jú kan. Ní ọjọ́ kejì, kí ó mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní méjì-méjì, kí ẹnìkan máa wo aago, kí èkejì máa kọ lẹ́tà. Kí ẹgbẹ́ akọ̀wé mẹ́ta wo rẹfirí kan náà láìwo ìwé ara wọn. Ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n ṣe ìsọdipúpọ̀, ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, kí wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wéra. Yóò yà wọ́n lẹ́nu pé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní bára mu pátápátá. Kí olùkọ́ má ṣe sọ pé ẹnìkan gbà á, ẹnìkan kò gbà á. Kí ó bi wọ́n pé, "Ìdáhùn wo ni ó kéré jù? Èwo ni ó pọ̀ jù? Kí ni ó fa ìyàtọ̀?" Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò fi mọ̀ pé ìṣirò tí ó ní ààlà kì í ṣe àìmọ̀kan.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé òṣùwọ̀n ara, aago, ìwé àti gègé tó fún rẹfirí ilé-ẹ̀kọ́ láti mọ okun tí ó ná. Àtẹ fún wa ní ààlà òkè, akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ pápá fún wa ní ààlà ìsàlẹ̀, lílù ọkàn àti èémí sì sọ ibi tí a súnmọ́. A tún ti rí i pé ohun tí òṣùwọ̀n sọ lẹ́yìn eré, ọ̀rọ̀ omi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá. A dábàá pé kí gbogbo ẹ̀ka tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ jáde fún ìdánrawò fi ẹ̀kọ́ yìí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ṣáájú ìrìnàjò. A sì dábàá pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fi fèrè lé olùkọ́ lọ́wọ́ fi ìgò omi kan tì í, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.